Oṣù Kọkànlá Nínú Ilé Tuntun

Ofelia Cantú gbé gíláàsì lé imú,
ó tú ìwé wáráńtì sórí tábìlì ìdáná:
ogójì ojú ewé, lẹ́tà wọn kéré bí ẹyin èèrà.
Ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ló ti buwọ́ lù ú láì kà á.
Ta ló ń kàwé níwájú ilẹ̀kùn tó ṣì ń rùn fún ọ̀dà?

Ọdún kan fún ọ̀dà, fún táìlì, fún ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ padé.
Ọdún méjì fún páìpù àti wáyà tó sá pamọ́ sínú ògiri.
Ọdún mẹ́wàá fún egungun ilé:
ìpìlẹ̀, òpó, igi àjà,
ohun tó jẹ́ pé bó bá yẹ̀, gbogbo ilé á tẹ̀lé e.
Ó dùn létí
títí ó fi kan ojú ewé kẹtàdínlógún,
níbi tí "àyàfi" ti bẹ̀rẹ̀
tí kò sì dákẹ́ mọ́.
Àyàfi ohun tí ọ̀dá fà. Àyàfi ohun tí àgbàrá fà.
Àyàfi ohun tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Oṣù kẹta ni ògiri lanu lókè ilẹ̀kùn ìdáná.
Aláǹgbá ò tíì wọ̀ ọ́,
ṣùgbọ́n Ofelia ò dúró de aláǹgbá.
Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tí ẹnu náà dé,
ó kọ ọjọ́ sí i.
Nínú ooru oṣù kẹjọ, nígbà tí ilẹ̀ dúdú Téksásì gbẹ,
tó ń fà sẹ́yìn lára ilé bí erìgì lára eyín arúgbó,
ìlà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.
Eusebio ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín:
"Bí o ṣe ń wọn gíga àwọn ọmọ nílé àtijọ́ nìyẹn."

Oṣù kọkànlá, ó kọ lẹ́tà. Kò tẹ̀ wọ́n láago;
ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní déètì.
Wọ́n rán Darlene Hruska wá.
Ó yọ owó ẹyọ lápò, ó tì í bọ ẹnu ògiri.
Ó wọlé.
Ó wo àwọn ìlà pẹ́ńsùlù pẹ́, ó ya fọ́tò wọn,
ó jáde síta, ó sì rí igi pékánì kan,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré sí ìpìlẹ̀.
"Ta ló gbìn ín?"
Eusebio wo bàtà rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló gbìn ín, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè rí ibòòji.

Láti òdìkejì títì ni mo ti ń wò wọ́n:
ẹni àádọ́rin ọdún lórí eékún,
ó ń fọwọ́ wa erùpẹ̀ nídìí igi kékeré,
obìnrin náà dúró tì í tòun ti rúlà.
Gbòǹgbò náà kò gùn ju apá ọmọdé lọ.
Títì ló kọjú sí, kò kọjú sí ilé.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní àwọn á dí ògiri, àwọn á tún ilẹ̀kùn gbé.
Ti ìpìlẹ̀, àwọn á máa wò ó ná:
ó ku ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù kan.
Nígbà tí akunlé dé ní Ọjọ́bọ̀,
Ofelia dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà.
"Pa ẹnu rẹ̀ dé," ó ní,
"ṣùgbọ́n fi àwọn ọjọ́ mi sílẹ̀."

Igi náà ti wà lẹ́bàá ọgbà báyìí. Ewé rẹ̀ rọ.
Kò sí ìwé kankan fún un.
Alaalẹ́ ni Eusebio ń gbé omi lọ bá a,
tó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ara ògiri dé ibẹ̀.