Ọkọ̀ Mi Ń Mu

Ọkọ̀ mi ń mu.
Kì í ṣe ọtí, kì í sì í ṣe omi.
Epo ẹ́ńjìnnì ló ń mu,
bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú tí kò gbà.

Aago márùn-ún ìdájí, Doncaster ṣì ń sùn.
Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ,
mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á yọ:
ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló tutù.
Lítà tí mo dà sí i lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́?
Kò kán sílẹ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ nínú òtútù.
Àfi èéfín aláwọ̀ aró
tó ń tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà àwọn arúgbó mi
bí ológò.

Ilé Missis Threlfall, máìlì kan ààbọ̀:
mo wẹ̀ ẹ́, mo wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀.
Ilé Ọ̀gbẹ́ni Cuthbert, ìṣẹ́jú mẹ́rin:
oògùn mẹ́fà, tíì kan tí kò ní ṣúgà.
Ilé Doreen, lẹ́yìn afárá. Ó ní kí n jókòó.
Ta ló fẹ́ jókòó?
Pa á. Sitáàtì rẹ̀. Pa á. Sitáàtì rẹ̀.
Ìgbà mọ́kànlá lójúmọ́,
ẹ́ńjìnnì kò sì gbóná lẹ́ẹ̀kan.
Ìrìn àárín ilé sí ilé, wọn kì í sanwó rẹ̀.

Nadeem tú u palẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lábẹ́ rélùwéè,
ó na tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó ní kí n wá wò ó.
Fáàfù mẹ́jọ, gbogbo wọn ti wọ èwù edú,
ó gan, ó ki, bí ìdí ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná mọ́.
"Ìgbàlódé ni," ó ní.
"Láyé àtijọ́ pẹtiróòlù a máa gba ibí kọjá, a máa fọ̀ ọ́.
Nísinsìnyí tààrà ni wọ́n ń fín in sínú sílíńdà,
ẹnu ọ̀nà ò rí ẹni fọ̀ ọ́ mọ́.
Rínǹgì písítìnì náà, wọ́n sọ ọ́ di tínrín
kí ọkọ̀ má baà mu pẹtiróòlù;
edú lẹ̀ ẹ́ pa, kò lè há epo mọ́."
Mo bú sẹ́rìn-ín.
A ní kó má mu tibí, ó gba ẹ̀yìn lọ mu tọ̀hún.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kọ lẹ́tà sí mi:
lítà kan fún ẹgbẹ̀rún máìlì, kò sí àbùkù níbẹ̀.
Kò sí àbùkù. Owó iṣẹ́ wákàtí kan gbáko ni.

Èèpo èso ni Nadeem fi fọ̀ ọ́,
wọ́n lọ̀ ọ́ bí gaàrí,
afẹ́fẹ́ ń tú u jáde lẹ́nu ọ̀pá bí òjò yanrìn.
Ó le tó láti họ edú,
kò le tó láti họ irin.
Mo dúró, mo ń wo bàbá bàbá mi nílé arọ n'Ígbájọ:
èèpo ẹ̀kùrọ́ ni tiwọn, òun ni wọ́n fi ń sun irin.
Lọ́hùn-ún, èèpo ń di edú.
Níhìn-ín, èèpo ń lé edú.
Nadeem ò mọ ibi tí mo lọ.
Ó gba igba pọ́n-ùn, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.
"Wà á lọ jìnnà. Jẹ́ kó gbóná dé egungun."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo gba M180,
mo tẹ̀ ẹ́, ó ké, mo tún tẹ̀ ẹ́,
títí Cleethorpes fi yọ.
Òkun ti fà sẹ́yìn, ó ku ẹrẹ̀.
Mo jẹ ànàmọ́ díndín nínú afẹ́fẹ́.
Fóònù dún: ṣé mo lè lọ wo Doreen lálẹ́ yìí?
Mo dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù,
mo fa ọ̀pá yọ, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.
Ó ti fà ní ìwọ̀n èékánná kan.
N kò bú u.
Ọ̀nà jìn.