Bàbá Ti Ra Oko

Èmi ni mo kà á, kí n má parọ́.
Èmi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá
kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì n'Ígbónà.
Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nílé wa l'Ókè-Baálẹ̀,
mo tú àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà sí Yorùbá
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì:
"Bàbá ti ra oko. Lánàá, ní ìdájí."

Bàbá mi fò dìde.
Ọ̀ṣúnkúnlé àbúrò rẹ̀,
tó fi ogójì ọdún nulẹ̀ ilé ìwòsàn ní Òháyò,
òun náà wá di onílẹ̀!
"Éékà mélòó? Ṣé odò wà níbẹ̀?
Bi í léèrè bóyá iṣu á ta nínú yìnyín."
Ó yọ ẹ̀bù mẹ́fà sọ́tọ̀ sábẹ́ ibùsùn,
ó ní ẹni tó bá ń lọ á bá a gbé e.
Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: Ẹ kú oríire o.
Ọmọ náà ò fèsì.

Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó pè. Ohùn rẹ̀ ti há.
Ó ní ọkọ òun ló ní kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
àwàdà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn ológun òfurufú ni.
Ẹni tí ogun sú á ní, bí mo bá délé, oko ni n ó rà,
n ò tún gun ohun tó ń fò mọ́.
Bàálù rẹ̀ á já.
Àwọn ẹgbẹ́ á ní, lágbájá ti ra oko.
Àwọn mìíràn ní owó ẹ̀mí rẹ̀ ni
ó san gbèsè orí oko bàbá rẹ̀.
Àwọn kan ní àgbẹ̀ tí bàálù wó lu àgbàdo rẹ̀ ni,
tó gbowó ìtanràn.
Ta ló mọ̀? Ọ̀rọ̀ kì í ní ìwé ìbí.

Bàbá wò mí títí. Kò bínú.
"Àwa náà ńkọ́?
Bí a bá ní ọba wàjà,
ṣé òyìnbó ò ní máa wá àkàsọ̀?"

Nígbà tójò dé, ó kó ẹ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà
lọ sí ẹ̀bá pápá bàálù àtijọ́ n'Ídòó-Ọ̀ṣun,
ó kọ ebè mẹ́fà síbẹ̀.
"Oko Ọ̀ṣúnkúnlé nìyí."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn tó fèsì:
Kí ni oríire?

Mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́.
Mo tún tẹ̀ ẹ́.