Lórí Òṣùwọ̀n

Ìbídùnní mú bébà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi
ní Wẹ́sílì, Iléṣà.
"Bàbá, láti oókan dé méje,
èló layé yín jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ọmọ, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wọn kòkó ní Ìfẹ̀wàrà.
Mo mọ bí kòkó tutù ṣe ń parọ́ lórí òṣùwọ̀n,
mo mọ àpò tí wọ́n ki òkúta bọ̀.
Kọ méjì fún ọ̀fun tí jẹjẹrẹ dí.
Oorun ńkọ́? Oókan.

Ṣùgbọ́n lánàá
ọmọ-ọmọ mi fún ọsàn sí mi lẹ́nu.
Ẹ̀kán mẹ́ta péré ló wọlé,
mo sì gbé e mì.
Ibo lo fẹ́ kọ ìyẹn sí?

Ó wo bébà títí,
ó yí i sẹ́yìn, níbi tó funfun.
"Ó dùn ni, àbí ó kan?"