Ìsàlẹ̀ Adágún

Níbi tí mo dúró sí yìí, òkun ga jù mí lọ.
Ká ní kò sí ògiri erùpẹ̀ tó dì í mú lápá ìwọ̀ oòrùn,
omi ì bá bò mí, kó tún bo ẹni tó bá gun èjìká mi.
Aago mẹ́rin ìdájí ní Schiphol, ìrì ń sẹ̀,
èmi Sijmen wà nínú ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè,
mo ń lé pẹ́pẹ́yẹ igbó kúrò lójú ọ̀nà bàálù.

Adágún ni ibí tẹ́lẹ̀. Ìjì a jà, ọkọ̀ a rì.
Àwọn kan ní ọ̀run àpáàdì ọkọ̀ ni orúkọ ilẹ̀ náà,
àwọn ọ̀mọ̀wé ní rárá o, igi gẹdú ló jásí.
N kò dá sí i.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwa bá egungun ọkọ̀ lábẹ́ ànàmọ́ wa,
a fi pákó rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló fa omi náà gbẹ,
eéfín lọ́sàn-án, eéfín lóru,
ó lé lọ́dún mẹ́ta kí ẹja tó wá kú sórí ẹrẹ̀.
Ibi tí ọkọ̀ rì sí, a gbé ọkọ́ débẹ̀.
Wybrig, ìyá àgbà wa àtijọ́, ti Friesland wá,
ibà pa ọmọ méjì mọ́ ọn lọ́wọ́
kó tó kórè àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun ra pápá.
Bàálù onígi aláṣọ balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún.
Nílé wa, wọ́n máa ń sọ pé wọ́n ń pọn àwọn èrò oníbàtà dídán
kọjá àbàtà bí ọmọ ọwọ́.
Bọ́ǹbù Jámánì dé nínú oṣù Karùn-ún.
Ti àwọn tó ń bọ̀ wá gbà wá sílẹ̀ náà dé.
Irú ihò kan náà ni méjèèjì gbẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà bàálù tó gbẹ̀yìn,
bàbá mi Gerbrand tọwọ́ bọ̀wé, kò sunkún.
Ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun wa ànàmọ́ tó wà nílẹ̀.
Wọ́n fún un títí di ọjọ́ Ẹtì.

Foekje ẹ̀gbọ́n mi ń gbé abúlé òdì kejì.
Bí bàálù bá kọjá, a dá gbólóhùn dúró sẹ́nu,
a kọ aago rẹ̀ sínú ìwé, a wá parí ọ̀rọ̀.
Ó ti pẹ́ tí kò ti parí èyíkéyìí fún mi.
Ó ní mo ń jẹun lórí sàréè bàbá wa.
Mo ní: bàbá wa náà lé ẹyẹ, oko kan náà ni.

Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ni ín, ọkọ́ gbà á,
ọkọ̀ tún sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá gbà á.
Àwọn pẹ́pẹ́yẹ nìkan ni kò tíì gbà pé omi ti lọ.
Mo yìnbọn òfo. Wọ́n gbéra, wọ́n yípo,
wọ́n bà sí apá kejì.
Bàálù Paramaribo ń bọ̀. Iná Foekje ti tàn.