Ọjà Kàbà Ku Ọ̀la

Ìwé kékeré mẹ́rìnlá ni mo bá lábẹ́ ibùsùn Bàbá,
ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì wọ́n pọ̀ bí ìdì ewé.
Kò sí gbèsè nínú wọn, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni.
Òǹkà nìkan ni.

Dúnmádé dísípẹ́ńsà, ará Ìsánlú,
ó fẹ̀yìn tì, ìka rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì:
lálaalẹ́, bí adìyẹ bá ti ń wọlé,
á gbé aago lé orúnkún,
á fi ìka méjì tẹ iṣan ọrùn ọwọ́ òsì,
á ní kí gbogbo ilé dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.
Àwọn ọmọ mi rò pé àdúrà ni. Wọ́n á dijú.

Mo kà wọ́n bí ẹni ń ka ebè.
Lákòókò ọyẹ́, tí ètè ń là,
ọkàn rẹ̀ a yára díẹ̀, bí ẹni ń wá aṣọ òtútù;
bí òjò bá dé, tí odò Kámpé kún bo òkúta,
a rọlẹ̀, a máa rìn bí àgbà tó jẹun yó.
Nígbà ìkórè kajú, a tún gbéra.
Ọdún ń yípo, òǹkà ń yípo,
bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó kọ́ ọkàn ní kàlẹ́ńdà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò tètè rí.
Mọ́kànléláàádọ́rin, ọgọ́ta,
mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta, mọ́kànléláàádọ́rin.
Ọrọọrún ni ó ń fò.
Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi Ìbíyẹmí.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọjà Kàbà kọ́ nìyẹn?”

Ọjọ́ tí Ìyá ń ti ọjà bọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù,
tí eruku ti sọ irun rẹ̀ di pupa,
tí yóò ké “Okun o!” láti ìdí igi máńgòrò
kó tó sọ ẹrù kalẹ̀.
Bàbá yìí, tí kì í rẹ́rìn-ín níwájú wa!

Ìyá kú ní ìdajì ìwé kẹsàn-án.
Ojú ewé kan ṣófo níbẹ̀,
lẹ́yìn náà òǹkà ń ta gìrì bí ẹran tó já okùn,
títí ó fi fara balẹ̀.
Mo ń ṣí i lọ síwájú,
mo ń wá ibi tí ọrọọrún náà ti parẹ́.
Kò parẹ́.
Ọdún márùn-ún gbáko
ni ọkàn fi ń sáré lọ pàdé ọkọ̀ tí kò dé mọ́.

Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ha rí i bí?
Kò fa ìlà kankan sí i.

Ojú ewé ìgbẹ̀yìn: méjìdínlọ́gọ́ta.
Bíírò ti ń gbẹ, ó tẹ̀ ẹ́ títí ìwé fi ya.
Mo ka ọjọ́ lórí ìka mi.
Ọjà Kàbà ku ọ̀la.