Ìdérí Táńkì

Oṣù márùn-ún gbáko ni yìnyín fi bo orúlé wa níbí ní Minisóta,
katakata rẹ kékeré sì jókòó sínú òkùnkùn bí àna tí a ṣẹ̀.
Lónìí koríko ti ga dé orúnkún mi, Delmar.
Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo yí i.
Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́.

Mo ní kò burú.
Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi bá ọ di tọ́ọ̀ṣì mú,
tí o ń sọ pé kí n gbé e sókè díẹ̀, kí n gbé e sápá òsì.
Ṣé o rò pé iná nìkan ni mo ń tàn? Mo ń wò ọ́.

Mo kọ́kọ́ yọ pulọ́ọ̀gì. Ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú,
kò rùn epo rárá.
Mo fi kan irin, iná ṣẹ́ yẹ̀rì:
iná wà. Ebi ló ń pa á.

Mo rọ epo inú táńkì sínú ìgò.
Ó pọ́n bí tíì, ó ń rùn bí ọ̀dà ògiri,
omi sì jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀ bí ayálégbé tí kì í sanwó.
Epo tí wọ́n po ọtí àgbàdo mọ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa ń bú u,
o ní ká fa táńkì gbẹ kí òtútù tó dé.
Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ta ló rántí táńkì?
Ìwọ là ń wò bí o ṣe ń gbẹ.

Mo tú kabúrétọ̀ sórí tábìlì oúnjẹ,
ibi tí mo fi gbogbo ayé mi lé ọ kúrò.
Súkúrù mẹ́rin, abọ́ kékeré, fulóòtù,
gọ́ọ̀mù bo gbogbo wọn bí oje igi.
Ihò jẹ́ẹ̀tì kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ;
mo gbé e sójú fèrèsé, n kò rí òde.
Mo fa irun wáyà kan ṣoṣo yọ lára búrọ́ọ̀ṣì,
mo tì í, mo yí i, mo fẹnu fẹ́ ẹ,
títí ìmọ́lẹ̀ kan tí kò tó ẹyin iná orí fi là.

Fíltà afẹ́fẹ́ ńkọ́? Eku ti bímọ síbẹ̀ lọ.
Òwú ìbọ̀wọ́ rẹ ló fi ṣe ibùsùn. N kò bá a wí.

Mo tò ó padà, mo da epo tuntun, mo fa ṣóòkì,
ó ké! Ajá Lindqvist sá wọ abẹ́ fẹ́ǹsì.
Mo gé koríko dé ìdí igi ápù kejì,
ó bá kú.

Ó jí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó tún kú.
Mo rò pé èkuru ti tán nínú àwo,
àṣé mo tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ ni.
Verlyn Lindqvist fara ti fẹ́ǹsì, ó ní kí n tà á,
ó ní kabúrétọ̀ tuntun ló fẹ́, ó ní obìnrin…
kò parí ọ̀rọ̀ náà nígbà tó rí sípánà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, tìbínú-tìbínú, mo ṣí ìdérí táńkì
láti mọ̀ bóyá epo ló tán.
Ó mí.
Delmar, mo gbọ́ ọ: fúùù, gígùn, sínú,
bí ẹni tí wọ́n fa orí rẹ̀ yọ nínú omi.
Epo wà. Afẹ́fẹ́ tí yóò rọ́pò rẹ̀ ni kò ráyè wọlé.
Ihò kékeré orí ìdérí, agbọ́n ti fi amọ̀ dí i,
ó dán, ó dọ́gba,
iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́.

Mo fi ìṣó gún un.
Mo jókòó sórí àga onírin tó ṣì gba ìdí rẹ ju tèmi lọ,
mo gé koríko títí ilẹ̀ fi ṣú.
Kọ́lọkọ̀lọ ni ìlà mi. O ò bá ti sọ̀rọ̀.
Abẹ́ igi ápù kẹta nìkan ni mo fò.
Òdòdó kan wà níbẹ̀ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.