Fèrè Náà Rèé, Mosúnmọ́lá

Gba fèrè. Mo ti fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ̀ ọ́.
Má fun ún lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ̀ẹ̀kan bá tó;
ọmọ tí a ń fi fèrè pè ṣáá,
etí rẹ̀ á di sí i kí ọdún tó yípo.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn kíláàsì nìyí. Ó máa ń há.
Gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kí o tó yí i.
Okùn mẹ́rìndínlógún ló wà nínú àpò ìrẹsì,
ọ̀kan ti já. Má jù ú nù.
Òun la fi ń kọ́ wọn bí okùn méjì ṣe ń di ọ̀kan.

Aago mẹ́rin la sọ fún wọn ní Sátidé,
mẹ́ta ààbọ̀ ni kí ìwọ ti dé.
Ọmọ tó bá kọ́kọ́ dé ló ní ọ̀rọ̀ nínú,
bí èrò bá pé tán, kò tún ní sọ ọ́ mọ́.
Abẹ́ igi fúrúùtù ni kí o ti gbọ́ tirẹ̀,
níbi tí ojú gáádì ilé-ìwé ti lè tó yín.
Má bá ọmọ kan ṣoṣo wọ yàrá kí o pa ilẹ̀kùn dé,
ì báà ṣe àdúrà lẹ fẹ́ gbà.
Má bínú. Ọdún mọ́kànlélógún, èmi náà ò ṣe é rí.

Kà wọ́n.
Ìyá mi ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,
mo sì gbọ́ tirẹ̀
títí di ọjọ́ tí a lọ sí etí ọ̀sà, ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà.
A fẹ́ padà, ojú mi ń sọ fún mi pé wọn ò pé,
mi ò sì mọ iye tí mo kó wá.
Ẹsẹ̀ mi di omi.
Họ̀nsù ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé,
ó lóṣòó, ó ń wo akàn tó ń gbẹ́ ilé.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà:
ní géètì, ní etí títì, kí a tó sọdá, bí a bá sọdá tán.
Inú ni mo ti máa ń kà á. Kí Ìyá mi foríjì mí.

Wàsílátù ní ikọ́ fée. Ohun tó ń fín sẹ́nu wà lápò òsì rẹ̀;
bi í léèrè kí ẹ tó sáré, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ sá tán.
Ọmọ tí kò ní kakí, má bi í níwájú àwọn tó ní.
Síkáàfù mẹ́ta wà nínú páànù bisikíìtì,
so ọ̀kan mọ́ ọn lọ́rùn, kí o máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.
Owó ìpàgọ́, kọ ọ́ sínú ìwé lójú ẹni tó san án,
títí kan ti ìṣáná.
Bàbá Gbàdégẹṣin á pẹ́ kó tó wá mú ọmọ rẹ̀.
Á ní kí o gbé e sórí ọ̀kadà. Má ṣe bẹ́ẹ̀.
Jókòó tì í. Ẹ jọ máa ṣa fúrúùtù jẹ.

Èyí tó le jù nìyí, ẹnu lásán ló ti rọrùn:
bí wọ́n bá ń ta kókó, tí wọ́n gbé e gba òdì,
fi ọwọ́ rẹ sẹ́yìn.
Àgọ́ ọdún kìíní mi, èmi nìkan ni mo pa á,
ó nà ró ṣánṣán, àwọn ọmọ ń wò mí, wọ́n ń yán.
Ti ọdún kejì, àwọn ni wọ́n pa á.
Ó wó lóru. Òjò pa gbogbo wa.
Títí dòní, èyí tó wó yẹn ni wọ́n ń rò fún ìyàwó wọn.

Èmi á máa yọjú ní ìparí oṣù, bí eékún bá gbà.
Má gbé àga fún mi níwájú,
gbòǹgbò igi yẹn ti mọ ìdí mi.
Tí o bá ń kà wọ́n,
kà mí mọ́ wọn.